Píjò 504 bàbá wa tàbí Camry Big Daddy: èwo ni kí n náwó lé lórí?

OmoIjero
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló gbé mi wá. Bàbá wa tó ti di olóògbé fi Píjò 504 GL kan sílẹ̀ ní Ìjerò. Ní 1984 ni wọ́n rà á ní tuntun, owó tí ìjọba ń yá òṣìṣẹ́ nígbà náà ni wọ́n fi rà á, èyí tí wọ́n tò ní Kaduna ni. Àtìgbà tí wọ́n ti kú ló ti wà lábẹ́ igi máńgòrò. Tí a bá gbé bátìrì mìíràn sí i, ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n èéfín búlúù ló ń tú, irin ìsàlẹ̀ níbi ẹsẹ̀ awakọ̀ sì ti dógùn-ún débi pé mò ń rí ilẹ̀ láti inú ọkọ̀.

Adó-Èkìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀, mo sì máa ń gba Ẹ̀fọ̀n lọ sí Iléṣà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ní Adó níbí fẹ́ ta Camry Big Daddy 2004 fún mi, oní-pílọ́ọ̀gì mẹ́rin. Owó ọwọ́ mi kò ká méjèèjì. Tí mo bá ra Camry, àwọn tó ń ra irin àlòkù ni yóò gbé Píjò lọ. Tí mo bá tún Píjò ṣe, ìyàwó mi ti sọ pé òun ò ní jókòó sínú ọkọ̀ tí kò ní éésì. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì ní bí mo bá ta ọkọ̀ bàbá, kí n má pe àwọn ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Ẹ gbà mí.

AgbaAwako_Ado
Àbúrò, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Má ta á.

Mo wa 504 stéṣọ̀n wágọ̀n láti Adó sí Èkó nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Oǹdó, kó tó di pé wọ́n fún wa ní ìpínlẹ̀ tiwa ní 1996. Ìlà ìjókòó mẹ́ta, ẹrù lórí, adìẹ lẹ́yìn, ọkọ̀ á sì máa lọ bí ẹni pé kò gbé nǹkan kan. Kòtò tó máa já ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ òde òní, 504 á já sí i, á jáde, èrò ẹ̀yìn ò ní jí lójú oorun. Kì í ṣe ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́. 1975 ni 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje eré ọkọ̀ Safari ní Kẹ́ńyà, nínú ẹrẹ̀ àti eruku. Ó tún gbà á ní 1978. Ta ló rí Camry níbẹ̀?

OlukoIkere
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Èyí tó gba ti 1978 kì í ṣe irú ti ọmọ Ìjerò. Kúpè onílẹ̀kùn méjì ni, ẹ́ńjìnnì V6 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń sá Safari sì ní mẹ́káníìkì tó ń dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà pẹ̀lú táyà àti ṣọ́ọ̀kì tuntun. Ta ló máa dúró de ọmọ yìí láàárín Aramọkọ sí Ìjerò lálẹ́ Sátidé?

Èmi náà wa 504. Mo fẹ́ràn ìjókòó rẹ̀, ẹ̀yìn mi ò tíì rí irú ìtura bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ mìíràn. Àmọ́ kí Àkúrẹ́ sí Adó máa mú kòtò wá láti apá ọ̀tún àti apá òsì, kí oòrùn máa jó ẹ, kí èéfín ọkọ̀ ẹjọ́-ò-kàn-mí tó wà níwájú máa gba fèrèsé wọlé torí pé o ò lè tì í, ó ti sú mi. Lọ́yẹ́, o máa fa ṣóòkù, o máa dúró kí ẹ́ńjìnnì ronú. Big Daddy, kọ́kọ́rọ́ ni, ó ti lọ. Ó ní báàgì afẹ́fẹ́ méjì níwájú. Tí 504 bá kọlu igi, sítíárìn rẹ̀ àti àyà ẹ ni yóò jọ sọ ọ́.

AgbaAwako_Ado
Olùkọ́, ẹ̀yin tí ẹ kàwé! Ìwọ kì í kọlu igi ná. Èmi ò kọlu igi rí.

IyaIbejiIkole
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ń du ti Kẹ́ńyà, ẹ ò tíì bi ọmọ léèrè ohun tó fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe. Èmi iṣu ni mò ń kó láti Ìkọ̀lé wá sí Adó. Píkọ́ọ̀pù 504 ni mò ń háyà. Tó bá dákú lójú ọ̀nà, awakọ̀ á bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú sípánà kan àti wáyà, kí n tó ra gúgúrú tán ó ti dáhùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá di ohun tó fẹ́ pààrọ̀, ó di kí wọ́n máa pe Ìbàdàn, kí wọ́n máa pe Kaduna, iṣu mi á máa gbà oòrùn.

Ìkejì: ọkọ̀ ogún ni, kì í ṣe tìrẹ nìkan, ọmọ mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n tó ní kí o má tà á, ṣé wọ́n ti dá owó?

OmoIjero
Màmá, ẹ ti sọ̀rọ̀ sójú ibi tó ń dùn mí. Wọn ò tíì dá kọ́bọ̀. Mo kọ ọ́ sí ojú ìwé ẹbí wa lórí WhatsApp, ẹnì kan ní "Àmín". Mi ò mọ ohun tó ń ṣe àmín sí.

Ìyàwó, ọmọ méjì, àti ẹrù oúnjẹ láti ilé ni mo fẹ́ máa fi gbé. Mi ò ní gbé èrò.

MekaAjilosun
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Orí Píjò ni mo ti kọ́ṣẹ́, Toyota ló ń bọ́ mi báyìí.

Agbára kọ́ ló ya ọkọ̀ méjèèjì yìí sọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ ti agbára, ẹ jẹ́ ká má tiẹ̀ jiyàn: 2AZ-FE, lítà 2.4, ló wà nínú Camry yẹn, agbára ẹṣin 157. 504 oní-1.8 kò ju nǹkan bí ìdajì ìyẹn lọ. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ṣe gbà kí á tún òun ṣe.

Bílọ́ọ̀kì 504, irin ni. Inú rẹ̀ ni wọ́n ki páìpù irin mẹ́rin bọ̀, òun la ń pè ní sílíìfù. Omi rédíétọ̀ ń kan ara rẹ̀ níta, písítìn ń rìn nínú. Tó bá ti jẹ, èéfín búlúù ló máa ń tú bíi ti ọmọ Ìjerò yìí, torí ọ́ìlì ń gòkè wá jó. A ó ṣí tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, a ó sọ páànù ọ́ìlì kalẹ̀, a ó fa sílíìfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde tòun ti písítìn, a ó fi tuntun sí i. Bílọ́ọ̀kì ò kúrò nínú ọkọ̀, kò lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ òde òní kì í bìkítà fún: sílíìfù gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ bíńtín ju ojú bílọ́ọ̀kì lọ, kí gáskẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín bílọ́ọ̀kì àti tọ́ọ̀pù lè rí nǹkan tẹ̀. A máa ń fi irin títẹ́ àti géèjì wọ̀n ọ́n, ojú lásán ò lè rí i. Ẹni tí kò wọ̀n ọ́n, kò pẹ́ tí omi yóò fi bá ọ́ìlì pò, ọ́ìlì á funfun bíi kókó, wọn á sì máa sọ pé Píjò ò dáa.

Camry ńkọ́? Bílọ́ọ̀kì rẹ̀ alumíníọ̀mù ni, sílíìfù inú rẹ̀ kò ṣeé yọ. Ṣéènì ni tímìnì rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó tímìnì bẹ́líìtì lọ́wọ́ ẹ. V6 ló ní bẹ́líìtì. Ẹ́ńjìnnì tó dáa ni, ó máa ń pẹ́. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ láti 2002 dé 2006 ni pé tírẹ́ẹ̀dì inú bílọ́ọ̀kì tó di bóòtù tọ́ọ̀pù mú máa ń ṣí, àwọn tó wà lẹ́yìn, níhà ògiri tó kọjú sí dáṣíbọ́ọ̀dù. Tó bá ti ṣí, kúlántì, omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, á máa jò gba ẹ̀yìn, o ò ní rí i láti iwájú. Wọ́n lè gbẹ́ ihò náà kí wọ́n fi tírẹ́ẹ̀dì irin sí i, ó sì máa ń dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó lè ṣe é dáadáa ò pọ̀ lágbègbè wa. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníṣòwò wa, ẹ́ńjìnnì bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn àlòkù láti òkè òkun, ni wọ́n máa ní kí o lọ rà. Ẹ́ńjìnnì tí o ò mọ ibi tó ti ṣe ayé rí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gbà ọ́ níyànjú pé kí o fowó kún un kí o ra Muscle, Camry tó jáde lẹ́yìn Big Daddy o. Àwọn ti 2007 sí 2009 oní-2.4 ló ń mu ọ́ìlì bí ẹni mu ẹmu. Ríǹgì písítìn ló fà á. Toyota fúnra rẹ̀ fa gáráǹtì ẹ̀ gùn ní Amẹ́ríkà nítorí rẹ̀.

GbajumoOye
Gbogbo yín ẹ gbàgbé Ìjàpá! Volkswagen tí wọ́n ń tò ní Èkó láti 1975, ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, kò ní rédíétọ̀, kò sí omi tó máa jò. Gbogbo àríyànjiyàn yín ti tán.

OlukoIkere
Ọ̀gá Ọ̀yẹ́, níbo ni yóò kó ìyàwó, ọmọ méjì, àti iṣu sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbájú mọ́ ohun tó wà nílẹ̀.

RawayaBasiri
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi iná ni tèmi.

Wáyà 504, mo lè to gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú dídì. Iná iwájú, iná ẹ̀yìn, wípà, ọ́tánétọ̀, kóìlì, ó tán. Kóńtáàtì rẹ̀ tó bá jó, fáìlì èékánná ìyá àgbà la fi ń tún un ṣe. Ti Camry yàtọ̀. Búréènì bọ́ọ̀kìsì ló ń pàṣẹ, sẹ́ńsọ̀ ló ń ròyìn fún un. Kì í ṣe ohun tó burú. Lábẹ́ sítíárìn ni ojú ibi tí a ti ń ki súkánà, ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀, bọ̀ wà, ọkọ̀ á sọ ohun tó ń ṣe é fúnra rẹ̀. 504 ò lè sọ fún ẹ.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ń fi kóòdù ra ọjà. Súkánà á sọ P0171, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ. Oníṣẹ́ á ní kí o lọ ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn. O rà á, iná ò kú. O ra pọ́ǹpù epo, iná ò kú. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé ló ti la, tàbí sẹ́ńsọ̀ MAF, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, ló dọ̀tí, tí ó kàn fẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ibi tí ẹ máa wò ni kóòdù ń sọ, kì í sọ ohun tí ẹ máa rà.

Ọmọ Ìjerò, tí o bá lọ wo Camry yẹn: tan kọ́kọ́rọ́ láì tíì sítáàtì rẹ̀. Iná báàgì afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ yọ, kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó kú. Tí kò bá yọ rárá, má yọ̀. Wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ kúrò ni, kí o má baà mọ̀ pé báàgì ti bẹ́ níbì kan rí, tí wọn ò fi òmíràn sí i.

AraEfon
Ẹ kú iṣẹ́. Kò tíì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ òkè, bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí ní òun ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá.

Àtigòkè kọ́ ni ìṣòro Ẹ̀fọ̀n, àtisọ̀kalẹ̀ ni. 504, o máa fà á sí gíà kejì, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ á máa dì í mú, ẹsẹ̀ ẹ ò ní wúlò púpọ̀ lórí bírékì. Àwọn tó ń wa Camry, wọ́n á fi í sí D, wọ́n á tẹ bírékì láti òkè dé ìsàlẹ̀. A máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀ kí a tó rí ọkọ̀. Gíà tó ń yí fúnra rẹ̀ náà ní 2 níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Fà á sí i.

Kí o sì béèrè irú ọ́ìlì tí wọ́n ń rọ sí gíà rẹ̀. Toyota Type T-IV ni ti 2004. Tí ẹni tó ń tà á bá ní "èyíkéyìí tó bá ti pupa ni", gíà yẹn ti ń jẹ ìyà nìyẹn.

OlukoIkere
Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ti epo kún un, torí láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ ní May 2023, òun ni èèyàn ń kọ́kọ́ rò. Big Daddy mi ń jẹ nǹkan bíi lítà 10 fún 100 kìlómítà tí mi ò bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní ìtẹ̀kutẹ̀. Èèyàn á rò pé 504 kékeré á jẹ́ kó dínkù, kò rí bẹ́ẹ̀. Kábúrétọ̀ tí wọn ò bá tún ṣe dáadáa, òórùn epo nìkan á gba owó lọ́wọ́ ẹ.

OmoIjero
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti lọ wo Camry náà, mo sì mú mẹ́káníìkì kan dání.

Nọ́ńbà ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4T1, mẹ́káníìkì ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, pé ti Japan á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú JT. Iná báàgì yọ, ó sì kú bí ọ̀gá Rawaya ṣe wí. Ara rẹ̀ mọ́, éésì rẹ̀ tutù débi pé ìyàwó mi ti ń wá ibi tó máa gbé báàgì sí. Mẹ́káníìkì wá ki tọ́ọ̀ṣì bọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ó fi dígí kékeré wò ó. Ó pè mí. Ní ojú ibi tí tọ́ọ̀pù ti pàdé bílọ́ọ̀kì, nǹkan funfun tó ti gbẹ gan ni, ó sọ̀ kalẹ̀ bí omi ìyọ̀ tó gbẹ sára ìkòkò. Ó ṣí rédíétọ̀, omi lásán ló wà nínú rẹ̀, kò sí kúlántì, omi náà sì ti pọ́n. Mo bi ẹni tó ń tà á, ó ní "Ó kàn máa ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń bù ú."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo padà sílé. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé.

MekaAjilosun
Ohun tí mo sọ gan-an nìyẹn. Tí ó bá dín owó náà kù tó owó ẹ́ńjìnnì òmíràn, a lè jọ rò ó. Tí kò bá dín in, jẹ́ kó máa bu omi rẹ̀ lọ.

AgbaAwako_Ado
Ọlọ́run ti bá ọ yọ ọ́! Ó di ti Píjò nìyẹn.

OlukoIkere
Bàbá, Camry kan ló bàjẹ́, kì í ṣe gbogbo Camry. Big Daddy tó dáa pọ̀ nílẹ̀, kó wá òmíràn ni. Èmi ò yí ohùn padà: ẹni tó ní ọmọ kéékèèké, tó sì ń gba ọ̀nà jíjìn, ọkọ̀ tó ní báàgì afẹ́fẹ́ ni kó fi wọ́n sí.

IyaIbejiIkole
Èmi gbè sẹ́yìn Olùkọ́ lórí ti ọmọ. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbọ́n ńkọ́?

OmoIjero
Màmá, mo tún kọ ọ́ sí ojú ìwé ẹbí. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi àwòrán ibi tó dógùn-ún sí i, mo sì kọ iye tí wẹ́dà bù sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó wà ní Ìbàdàn fi owó wẹ́dà ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, ẹni tó ní kí n má pe òun ní ẹ̀gbọ́n mọ́, ní òun á ra sílíìfù àti písítìn, ojúlówó, pé òun mọ ẹni tó ń tà á ní Kaduna. Àwọn yòókù ń gbàdúrà.

Nítorí náà ohun tí mo fẹ́ ṣe ni èyí. Owó tèmi á dúró de Camry mìíràn, mi ò ní kánjú. Píjò, owó ẹbí la ó fi tún un ṣe, ilé ni yóò máa gbé, òun ni a ó máa fi lọ sóko, tí a ó sì fi gbé àlejò nígbà ayẹyẹ. Ọ̀gá Meka, ṣé kí n wà á wá sí Ajílóṣun?

MekaAjilosun
Rárá o! Má wà á. Fi ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀ gbé e wá. Bírékì tó ti jókòó lábẹ́ igi fún ọdún, rọ́bà inú rẹ̀ ti gan. O tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ó mú, o tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ẹsẹ̀ ẹ á lu ilẹ̀. Táyà náà ti gan, bó ti wù kí ojú rẹ̀ nípọn tó. Ẹ yéé sítáàtì rẹ̀ fún àlejò pẹ̀lú. Epo tó wà nínú táǹkì ti bàjẹ́, ìdọ̀tí rẹ̀ lẹ ń fà wọ kábúrétọ̀.

Kí ẹ̀gbọ́n yín sì wo àmì ara ẹ́ńjìnnì kó tó ra nǹkan kan ní Kaduna. 504 oní-1.8 wà, oní-2.0 wà, sílíìfù wọn ò dọ́gba. Ya àwòrán nọ́ńbà náà fún un.

AgbaAwako_Ado
Meka, bá wa wo fáànù rẹ̀. 504 ní fáànù tí iná ń sọ di òòfà kó tó yí. Tí omi bá gbóná, iná á lọ síbẹ̀, á di ẹ̀rọ mú, fáànù á bẹ̀rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ló máa ń jẹ tán, fáànù á sùn, ọkọ̀ á máa gbóná, wọn á ní gáskẹ́ẹ̀tì ni. Àwa tí a ń lọ Èkó, a máa ń fi bóòtù dè é pa ni kó máa yí láìdúró. Ó ń jẹ epo, ṣùgbọ́n mo máa ń dé ilé.

MekaAjilosun
Ẹ ṣé, bàbá. N ó tú u wò. Mo fẹ́ kó ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é, mi ò ní dè é.

OmoIjero
Ìbéèrè kan ló kù, kì í ṣe tèmi, ìyàwó mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Ó ní ṣé èèyàn lè fi éésì sí 504?

RawayaBasiri
Ẹ bá mi kí wọn. Ó ṣeé ṣe, àwọn kan tiẹ̀ ní i látilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ máa nílò kọ̀ḿpírẹ́sọ̀, ìdè irin tó máa gbé e, bẹ́líìtì, àti ọ́tánétọ̀ tó lágbára ju ti inú rẹ̀ lọ, torí èyí tí wọ́n fi sí i ní 1984 kò ní lè gbé fáànù éésì àti iná iwájú pọ̀ lálẹ́. Ẹ jẹ́ kí Meka parí ti ẹ́ńjìnnì ná, kí wọ́n fọ rédíétọ̀ dáadáa, kí fáànù tí bàbá sọ máa ṣiṣẹ́. Ẹ wá mú un wá sí Bàsírì lẹ́yìn ìyẹn. Éésì lórí ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná, ojú ọ̀nà Aramọkọ ni màmá á ti sọ̀kalẹ̀.